Àyè Kẹrin

Wọ́n ní kí n wá jókòó tì wọ́n ní Badagry,
èmi agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìntì,
kí ojú ará ìlú lè wà níbẹ̀.
Yàrá kan tó kọjú sí ọ̀sà,
fáànù ń ké bí ọmọ tí eyín ń hù.

Fọ́ọ̀mù wà níwájú mi. Àyè kẹrin:
Ǹjẹ́ ó ń wo ojú ẹni tó ń bá a sọ̀rọ̀?
Máàkì mẹ́wàá.
Ọ̀jọ̀gbọ́n tó ti òkè òkun dé ló kọ ọ́.
Èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó bá mi gbé àpò wọlé,
n kò lè purọ́ mọ́ ọn.

Ọmọkùnrin kan wọlé láti Ìkẹjà,
ó bọ gbogbo wa lọ́wọ́, ó bọ èmi náà,
ojú rẹ̀ là sílẹ̀ bí ojú ẹja yíyan.
Mẹ́sàn-án. Mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá.

Lẹ́yìn rẹ̀ ni Viyọn Hùnsù, ọmọ Àjídò,
ọkọ̀ ojú omi ló gbé e wá,
ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ ṣì tutù.
Ó kúnlẹ̀. Wọ́n ní kó jókòó,
ó jókòó sí etí àga bí ẹni tó yá a.
Wọ́n bi í ní èyí, ilẹ̀ ló dá lóhùn.
Wọ́n bi í ní tọ̀hún, ó kọ́kọ́ dákẹ́,
torí ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe ohun tí à ń já gbà.
Mo gbọ́ tí bírò họ bébà: mẹ́ta. Méjì.

Mo fẹ́ sọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ wí?
Pé nílé wa, ọmọ tó bá ranjú mọ́ àgbà
ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń bi léèrè?
Ọ̀jọ̀gbọ́n á ní, aláìsàn náà ńkọ́?
Òótọ́ sì ni. Èmi náà ti wo ojú ẹni tó ń rọbí
títí ó fi rántí orúkọ ara rẹ̀.

Ìgbà náà ni ọmọ yẹn sọ̀rọ̀, ẹnikẹ́ni ò bi í,
Ègùn ń wọnú Yorùbá rẹ̀ bí òkun ṣe ń wọnú ọ̀sà:
"Ẹ jọ̀ọ́ mà, bàtà yín ti há.
Ẹsẹ̀ òsì wú ju tọ̀tún lọ.
Ìgbà wo ló ti bẹ̀rẹ̀?"

Gbogbo wọn tẹ̀ wo abẹ́ tábìlì.
Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń tiro kiri láàárín wọn.
Èmi gan-an ò bi ara mi.

Ọ̀jọ̀gbọ́n yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún nù ún.
Mo kọ mẹ́wàá sí àyè kẹrin,
mo fàlà sí i nídìí, kí wọ́n má baà rò pé ọwọ́ ló gbọ̀n.
Wọ́n ní Èkó ni wọ́n á ti ṣe àròpọ̀.
N kò tíì gbọ́ nǹkan kan.
Ẹsẹ̀ ti ń fà díẹ̀díẹ̀.