Ìgò Òjò

Mo ka àga: mọ́kànlá. Ọ̀kan ti ṣẹ́ lẹ́sẹ̀.
Onílé ti gba kọ́kọ́rọ́ méjì,
ẹ̀kẹta wà lápò mi, n kò sọ fún un.

Ọdún mẹ́fà la fi kọ́ ọmọ lẹ́yìn Ìsọ̀kun, n'Iléṣà níbí,
bí a ṣe ń fi koríko bo ẹsẹ̀ kòkó
kí oòrùn Èrèlé má baà mu ún gbẹ,
bí a ṣe ń lànà fún àgbàrá
kó tó lànà fún wa.
Owó àwọn aláàánú tán. Wọn ò kọ̀wé,
wọ́n kàn dákẹ́.
Àwọn ọmọkùnrin ti bá àwọn tó ń wa góòlù lọ sétí odò,
owó ọ̀sẹ̀ wọn ju owó oṣù mi lọ.
Ta ni n ó bá wí?

Fẹ́hìntọlá nìkan ló kù síta,
ó gbá ìgò ike mọ́ra,
èyí tí a fi ń wọn òjò, tí a fi bírò fàlà sí lára.
"Tíṣà, ta ni yóò máa kà á?"
Mo ní kò sí.
Ó ní, "Òjò ò kúkú gbọ́ pé a ti ti ilé-ẹ̀kọ́."

Mo nu pátákó. Ìlà kan kọ̀, kò parẹ́:
*Òkúdù, ọ̀sẹ̀ kejì: òfo.*
Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo gba iwájú ilé wọn kọjá.
Ìgò náà wà lórí ilé adìẹ, òkúta mẹ́ta gbè é.
Omi ti dé ìlà kẹta.
Mo wá ìwé lápò, kọ́kọ́rọ́ ni mo bá.
Mo kọ ọ́ sí àtẹ́lẹwọ́.