Ẹni Tó Ya Ìwé

Fèrèsé yàrá ìkàwé wa ní Ìjẹmọ̀
kọjú sí òrùlé páànù tó ti dípàtà,
ọ̀kan lé ọ̀kan bí ìwé tí ẹnìkan tò láìtò,
títí lọ dé ẹsẹ̀ Olúmọ.
Ọdún mọ́kànlélógún ni mo ti ń jókòó síbẹ̀,
tí mò ń fi òǹtẹ̀ lu ọjọ́ ìdápadà,
tí mò ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ẹni tó bá ya ìwé,
lọ́wọ́ ẹni tó bá fi epo àkàrà kan ojú ewé,
lọ́wọ́ ẹni tó bá kọ nǹkan sí i lára.
Òfin ni. Èmi kọ́ ni mo ṣe é.

Fọláhànmí kì í kàwé.
Òjò ló lé e wọlé lọ́jọ́ náà,
bọ́ọ̀lù lábẹ́ abíyá, omi ń ro tó, tó, tó.
Mo ní, "Gbé bọ́ọ̀lù sílẹ̀, mú ìwé kan."
Ó mú èyí tó tinrín jù lọ,
ó ń ṣí i bí ẹni ń ṣí ìkòkò ọbẹ̀ àná.
Àfi gìrì! Ó nà dìde.

Àtẹ̀gùn òkúta mẹ́sàn-án, ẹ̀kẹrin ti fọ́.
Ewúrẹ́ kan tí etí rẹ̀ kan gé.
Ìkòkò aró mẹ́ta lẹ́bàá ògiri,
àti ìyá arúgbó kan tó ń sá aṣọ,
apá rẹ̀ dú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́.
"Ilé ìyá mi àgbà nìyí, ní Ìtòkú!
Ewúrẹ́ Bàbá Ṣówándé nìyí!"
Ó fi ìka kan ọ̀rọ̀ tó wà lábẹ́ àwòrán:
"Mà, kí ni wọ́n ń sọ nípa wa?"

Mo lè kà á fún un.
Mo ní, "Kà á fún ara rẹ."

Ìrọ̀lẹ́ mẹ́rin ló gbà á.
Ó ń kọsẹ̀ lára ọ̀rọ̀ bí ẹni ń gun àpáta lẹ́yìn òjò,
ó ń dìde, ó ń nu orúnkún.
Òjò ti dá láti ìjọ́ mẹ́ta,
bọ́ọ̀lù ṣì wà lábẹ́ tábìlì.

Ó wá ní, "Ta ló yà á?"
Orúkọ ẹni tó kọ ọ́ wà níwájú, ó tóbi bí ìlẹ̀kùn.
Ti ẹni tó yà á, mo wá a títí
kí n tó bá a lẹ́yìn ojú ewé àkọ́kọ́,
lábẹ́ àdírẹ́sì ilé ìtẹ̀wé, ó kéré bí eèrà:
Ẹfúnṣẹwà Ṣólàrú.

Àṣé ọmọ yẹn ni!
Mo mọ̀ ọ́n nígbà tó ń ti ìyẹ́ adìẹ bọ ẹ̀kọ,
tó ń fi ya aláǹgbá sára aṣọ funfun,
tí ìyá rẹ̀ ń ní, "Má jẹ́ kí ọwọ́ gbọ̀n;
ibi tí ìyẹ́ bá kàn, aró ò ní lè mú un."
Iṣẹ́ tó ṣì ń ṣe nìyẹn:
ó ń fi ìlà ṣọ́ àtẹ̀gùn kan, ṣọ́ ewúrẹ́ kan,
kí ìgbàgbé má baà rẹ wọ́n sínú aró.
Èmi rèé, ọdún mọ́kànlélógún,
ẹni tó ya ìwé ni mò ń wá kiri,
n kò wá ẹni tó ya ìwé rí:
ọ̀kan fà á já, ọ̀kan fún un lójú.

Lọ́jọ́ Ajé, Fọláhànmí dá ìwé padà.
Lára èèpo rẹ̀ níwájú, bírò pupa, gàdàgbà:
Ẹfúnsẹwà Sólàrú ló yà á.
Ó ti mọ òfin. Ó na owó sí mi,
ọgọ́rùn-ún náírà tó ká sí mẹ́rin.

N kò gba owó.
Mo mú bírò tèmi,
mo fi àmì sábẹ́ s àkọ́kọ́,
mo fi sábẹ́ ìkejì.
Nígbà tí mo gbójú sókè, ó ti wà nídìí pẹpẹ,
ó ti ṣí ìwé mìíràn, ó dorí kodò,
ó ń wá eèrà.