Kọ́

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn ìsìnkú Bàbá,
ọyẹ́ bo Òkèèṣà bí aṣọ tí a kò fọ̀,
mo wọ inú Píjò rẹ̀, mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ọkọ̀ ní: kọ́.
Ẹyọ kan péré.
Mo tún un yí. Kọ́.
Bí àgbàlagbà tí a ń bi ní ọ̀rọ̀
tí kò fẹ́ gbé orí sókè.

Ìbídàpọ̀ àbúrò mi yọjú lójú fèrèsé,
búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu: "Bátìrì ni."
Ta ló bi í?
Mo ra bátìrì tuntun ní Ìṣọ́kùn,
owó tí mo tọ́jú fún síméńtì ibojì ni mo fi rà á.
Mo gbé e sí i. Mo yí i.
Kọ́, ni ọkọ̀ wí. Bátìrì kọ́.

Àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ ń dúró,
kálukú pẹ̀lú oògùn tirẹ̀.
Ọ̀kan wọ abẹ́ ọkọ̀, ó ń fi òkúta lu sítátà
títí òógùn fi bò ó nínú òtútù.
Kọ́.
Òmíràn ní ká tì í, ká máa tì í lọ
títí dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Òmírù, yóò jí.
Mo ní rárá.
Bó bá jí lónìí, ta ni yóò bá mi tì í lọ́la?

Ọ̀sán ti pọ́n kí Ọ̀gá Fámúyìíwá tó dé,
ríwáyà tó wà lẹ́bàá ilé epo ní Ìmọ̀,
òun àti gílóòbù kan tó so mọ́ wáyà.
Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó lóṣòó
sẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, bí bàbá mi ti máa ń lóṣòó
lẹ́nu ọ̀nà onígbèsè nígbà tó ń ṣe òṣómàáló,
tí kò ní dìde títí owó aṣọ yóò fi pé.

"Tan iná iwájú, kí o wá yí i."
Mo yí i. Kọ́.
Iná iwájú kò tilẹ̀ ṣẹ́jú.
"O rí i? Bó bá jẹ́ pé bátìrì ti rẹ̀, ìbá ṣú.
Bí sítátà bá há, ìbá ṣú bákan náà.
Iná ń dé ibẹ̀. Kò rí ọ̀nà padà ni."

Ó mú wáyà kan tó nípọn bí àtàǹpàkò,
ó fi ẹnu kan rẹ̀ bu bátìrì jẹ níbi àmì ìyọkúrò,
ó fi ẹnu kejì bu irin ẹ́ńjìnì.
"Yí i."

Kò wí kọ́ mọ́.
Ó bú ramúramù, ó gbọn eruku kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ìyá mi tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́yìnkùlé
sáré jáde, àwo lọ́wọ́,
ó wo àyè awakọ̀
kó tó rí i pé èmi ni.

"Áàtì ni," Ọ̀gá ti ń tú nọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀,
"iná tó bá jáde nílé gbọ́dọ̀ padà wálé.
Ta ló kun ọ̀dà síbí?"

Àwa ni.
Ọ̀sẹ̀ tí a fẹ́ sin ín la gbé Píjò fún onísípíréè,
a ní kó dán, kó lè ṣáájú pósí.
Lọ́jọ́ náà ó rọ́jú, ó ṣáájú dé Ìbàlà, ó sì bọ̀.
Àfi bí ó ṣe dákẹ́.
Ọ̀dà búlúù ń dán lábẹ́ wáyà áàtì,
ẹwà tí a kó síbi tí irin ti yẹ kó kan irin.

Ó na sáńpépà sí mi: "Ìwọ ni kó o ha á."
Mo ha búlúù. Mo ha funfun tó wà lábẹ́ búlúù.
Mo ha àwọ̀ ilẹ̀ tí ọkọ̀ náà ní
lọ́dún tó rà á, kí a tó bí mi,
títí irin fi yọ, ó mọ́, ó tutù.

Owó iṣẹ́ rẹ̀ kò tó ìdá mẹ́wàá owó bátìrì.
Mo ní kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kó di ọ̀la.
Ó wò mí.
Ó tún lóṣòó.