Ààrò Ọlọ́rùn-Gígùn

Èkíní ti fọ́.
Heriberto, ọkọ ọmọ rẹ̀, ló da omi tútù sí i lẹ́nu
ní alẹ́ tí ọtí ti wọ̀ ọ́ lára,
ó ní òun fẹ́ paná kí òun tó lọ sùn.
Amọ̀ gbígbóná ò mọ àwàdà.
Ó dún pàá, ikùn rẹ̀ là sí méjì,
eérú tú sílẹ̀ bí ìyẹ̀fun àgbàdo.

Eutimia ò bú u.
Ó gbálẹ̀. Ó kó àfọ́kù sídìí igi ọsàn.
Ó ka owó inú agolo kọfí lẹ́ẹ̀mejì,
ó wọ bọ́ọ̀sì aago mẹ́fà òwúrọ̀
lọ bá Crescencio amọ̀kòkò ní Tonalá.

Ààrò tò lọ rẹrẹ nínú àgbàlá:
ikùn rọ̀bọ̀tọ̀, ẹnu yíya, ọrùn tó nà sókè
bí ẹni ń wò ó bóyá òjò yóò rọ̀.
"Ẹ má fojú yàn án," Crescencio wí,
"ojú a máa fẹ́ràn ọ̀dà. Ẹ fìka kàn án, kí ẹ gbọ́."
Ó kan èyí: gbọ̀ọ̀n, ohùn rẹ̀ lọ jìnnà.
Ó kan ìyẹn: pọ̀.
Ohùn ẹni tó ń fi àìsàn pamọ́.
Ó wo ibi tí ọrùn ti pàdé èjìká;
ibẹ̀ ni irọ́ amọ̀kòkò máa ń sá sí.

Ọ̀kan wà lẹ́yìn tí kò ní òdòdó kankan lára,
àfi ojú àtàǹpàkò kan létí ẹnu rẹ̀
tí iná iléru ti sọ di títí láé.
"Ta ló mọ èyí?"
"Ìyàwó mi, Obdulia. Oṣù tó ṣáájú ikú rẹ̀."
Ó nu ọwọ́ tí kò dọ̀tí.
"Ṣé ẹ máa ń da omi síná nílé yín?"
"Wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kan."
Ó pẹ́ kí ó tó dá iye owó.

"Irin ni ẹ̀ bá rà," Heriberto wí, "irin kì í fọ́."
Òótọ́ ni. Dídógùn-ún ní í dógùn-ún,
díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, títí ìdí rẹ̀ yóò fi jábọ́.

Ó gbé e lé ẹsẹ̀ irin mẹ́ta, jìnnà sí òrùlé onígi,
ó da iyanrìn gbígbẹ sí i nínú dé abẹ́ ẹnu.
Alẹ́ kìíní, ìwé ìròyìn kan, igi wẹ́wẹ́ bí ìka ọmọ.
Ó jẹ́ kó kú fúnra rẹ̀.
Alẹ́ kejì, díẹ̀ sí i.
Alẹ́ kẹta, Heriberto gbé ìtì igi dé:
"Ẹ jẹ́ ká dá a dáadáa!"
Obìnrin náà kàn wò ó. Ó gbé ìtì padà.
Ìkòkò tí yóò jata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná:
àwa la ni òwe náà;
òun, ọwọ́ rẹ̀ ló mọ̀ ọ́n.

Lálẹ́ karùn-ún, ó fi igi mẹskíìtì gbígbẹ sí i.
Èéfín gba ọrùn jáde tààrà,
kò ya ojú ẹnikẹ́ni.

Oṣù kẹfà, òjò.
Ó ń so tàpólì mọ́ ọn nírọ̀lẹ́ gbogbo,
kì í fún un pinpin; amọ̀ náà ń mí.
Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí orúnkún gbé e lọ sílé ìwòsàn,
ìjì já tàpólì, ó gbé e kọjá ògiri aládùúgbò.
Eutimia sáré wọlé bí orúnkún ṣe gbà á láyè.

Heriberto ló bá nínú òjò, láìwẹ̀wù,
ẹ̀wù rẹ̀ lọ́ mọ́ ọrùn ààrò,
páànù àwokòtò ìfọṣọ ní orí rẹ̀,
ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú.
"Mo dá iná kékeré lọ́sàn-án," ó wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.
"Mi ò mọ̀ bóyá ó ti tutù tán."

"Ó ti tutù. Wọlé."

Kò wọlé kíá.
Ó fi àtàǹpàkò wọn ojú àtàǹpàkò ibẹ̀.
Tirẹ̀ ti tóbi jù.