Wá Bínú Nílé

Torleif,
Synnøve ní kí n máa bá ọ sọ̀rọ̀.
Ó ní ojú lè sùn, ẹnu lè sùn,
etí kì í tètè sùn.
Ó sọ ọ́ bí ẹni ń júwe ibi tí wọ́n ti ń ta kọfí,
ó fa àga kan fún mi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ìwọ tó o máa ń ní ẹnu mi kì í ríbi jókòó,
ogójì ọdún ó lé kan,
wá wò mí lónìí:
mo kí ọ káàárọ̀, ọ̀rọ̀ tán.

Káàárọ̀ náà gan-an, irọ́ ni.
Ní Tromsø níbí oòrùn kò tíì yọ láti oṣù tó kọjá,
aago nìkan ló ń sọ fún wa pé ilẹ̀ mọ́.

Ẹ̀rọ ń mí fún ọ.
Ó fẹ́ ẹ sínú, ó tú u sóde.
N ò mọ ìgbà tí èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í bá a mí,
àfi bí òòyì ṣe kọ́ mi
tí mo di irin ibùsùn mú.

Ó dáa. Ìròyìn ilé.
Yìnyín bo òrùlé. Oddvar gun òkè lọ kó o kúrò, a ò bẹ̀ ẹ́;
ṣọ́bìrì rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọgbà tiwa ló fi tì sí.
Mo mọ̀ pé wàá bínú, mo fi í síbẹ̀.
Ológbò ti sọ bàtà rọ́bà rẹ di yàrá.
Owó iná dé. Mo mú ìwé ẹ̀ wá, mo kà á fún ọ
látòkè délẹ̀, títí kan nọ́ńbà ilé iṣẹ́ wọn.
Nígbà tí mo dé orí iye, mo tẹjú mọ́ ìpéǹpéjú rẹ.
Iye yẹn tó jí òkú dìde.
Má bínú. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn níbí.

Ọ̀bẹ bàbá rẹ, èyí tó ní èèkù egungun,
tó o fi ọgbọ̀n ọdún wá,
tó o tìtorí ẹ̀ na Eirik lọ́jọ́ ìbí rẹ̀:
Eirik kọ́. Èmi ni.
Mo fi ń ha ìpẹ́ ẹja létí ọkọ̀,
ó yọ́ lọ́wọ́ mi, òkun gbà á,
kò tiẹ̀ dún.
Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án jẹ̀bi,
mo sì fọ abọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà
bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rọ han.
Àyà mi já. Mo ní: ó gbọ́!
Synnøve sáré wọlé, ó gbé ọwọ́ rẹ,
ó dá ohun tó há mọ́ ọ níka padà sáyè rẹ̀.
Ó bọ́ ni. Ó bọ́ lásán.
Ó rẹ́rìn-ín sí mi, èmi náà rẹ́rìn-ín.

Wọ́n ti ní kí n máa lọ.
Torleif, má dá mi lóhùn níbí,
láàárín okùn, láàárín àwọn tí kò mọ̀ wá.
Ṣọ́bìrì Oddvar ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.
Mi ò tíì sọ fún Eirik.
Wá bínú nílé.