Ẹni Mẹ́tàlélógún

Agogo mẹ́fà kò tíì lù, wọ́n ti kún iwájú ilé ìwòsàn l'Ásùbíárò,
kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́, akoto lórí, àwàdà lẹ́nu.
Èmi kọ́ ni mo fẹ́ gùn ún.
Èmi Gbádéró, fọganáísà Ìsàlẹ̀-Ọ̀ṣun,
ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ náírà ni wọ́n fi pè mí
kí n jókòó sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù pẹ̀lú páǹpù àti gọ́ọ̀mù,
kí n máa retí ohun tí yóò jò.

Fíríìjì tí wọ́n ń kó ẹ̀jẹ̀ sí ni wọ́n ń wá owó rẹ̀,
fún àwọn ọmọ tí egungun wọn kì í jẹ́ kí wọ́n sùn.
Ọ̀kan nínú wọn bá mi wà nínú ọkọ̀:
Kòkúmọ́, ọmọ ọdún mẹ́wàá,
súwẹ́tà méjì lọ́rùn nínú ooru oṣù Ẹrẹ́nà.
Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kíkà.
"Mẹ́tàlélógún," ó ní, nígbà tí wọ́n fọn fèrè.
"Ẹni mẹ́tàlélógún ló lọ, ẹni mẹ́tàlélógún ni kó bọ̀."

A já sí títì Ìkìrun.
Tíṣà Oyèékàn ló ṣíwájú lórí Rálè bàbá rẹ̀,
ìjókòó rẹ̀ ń ké bí adìyẹ tó fẹ́ yé.
Akíntáyọ̀ oníbáǹkì wọ ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ itan;
àwọn ìyá tó ń lọ oko ń bojú,
ojú sì ń yọ láàárín ìka.

Kí a tó dé Ìkìrun mo ti lẹ táyà mẹ́ta.
Ní Ìbà, ṣéènì já; mo wá òòlù títí,
orí òkúta ni mo ti lù ú pọ̀.
Oòrùn gun orí wọn, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́.
Tírélà kan kọjá, atẹ́gùn rẹ̀ gbá wọn sí eruku etí títì
bí ìgbà tí a fẹ́ èèpo ẹ̀pà.
Kòkúmọ́ tún kà. Ó pé.

Ní Òkukù, ẹnìkan tó ń ta búrẹ́dì béèrè pé ta ló kú.
A ní kò sẹ́ni tó kú,
a kò fẹ́ kí ẹnìkankan kú ni.
Ó yọ igba náírà, ó ní kí a gbà á lọ.

Àbọ̀ ni wàhálà wà.
Nọ́ọ̀sì Moríyíkẹ́ yà fún ewúrẹ́, ó ṣubú, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ wú.
Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀, wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lé irinṣẹ́ mi lórí.
Ọmọ náà wò ó. Ó kà, ó tún kà.
"Méjìlélógún." Ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ.
Mo ní kò burú, ṣebí inú ọkọ̀ ló wà, kò sọnù.
Ó ní, "Ní wọ́ọ̀dù wa náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí
bí a bá jí tí bẹ́ẹ̀dì kan ṣófo:
kò sọnù, ó wà níbì kan."

Ta ni yóò dá irú ọ̀rọ̀ yẹn lóhùn?

Mo bọ́ sílẹ̀.
Ó tó ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti gun kẹ̀kẹ́ gbẹ̀yìn.
Kẹ̀kẹ́ obìnrin ni, aláwọ̀ osùn, agbọ̀n kékeré níwájú;
orúnkún mi ń gbá irin, sálúbàtà mi ń bọ́,
Tíṣà ń pariwo, "Rọra, fọganáísà, rọra!"
Bí ẹni ń mu àgbo kíkorò ni mo ṣe gun òkè Ìkìrun,
ìdí ń ta mí, mo ń bú ara mi, n kò dúró.
Kẹ̀kẹ́ tí mo ti ń tún ṣe láti àárọ̀ ọjọ́ ayé mi,
n kò mọ̀ pé báyìí ló ṣe ń dun àwọn tó ni ín.

Ìrọ̀lẹ́ ni a wọ Òṣogbo, iná mọ́tò ti ń tàn.
Ọmọ náà dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń na ìka sí wa lọ́kọ̀ọ̀kan.
Èmi ló kà gbẹ̀yìn.

Wọ́n san ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ mi. Mo ju mẹ́ta sínú àpótí,
márùn-ún bá mi relé; àwọn ọmọ tèmi náà ń jẹun.
Owó fíríìjì kò tíì pé. Wọ́n ní ó ku díẹ̀.

Lóru, ẹsẹ̀ mi ṣì ń wa kẹ̀kẹ́ lórí ẹní,
ń wà á, ń wà á,
ìyàwó mi béèrè pé ta ni mò ń lé.