Ọjọ́rú ni Ìwé Ìròyìn Ń Dé

Kì í jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ojú ewé kìíní.
"Omi ni kọ́kọ́," ni Anselme Surette máa ń wí,
ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin tí ojú rẹ̀ ti di kùrukùru.
Wọ́n ń sanwó fún mi láti fún un lóògùn, láti gé èékánná rẹ̀;
ìwé ìròyìn kò sí nínú àdéhùn.
Ẹ̀yìn ni mo ti ń ṣí i:
òkun yóò kún ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méjìlá,
yóò ti fà tán kí aago mẹ́wàá ààbọ̀ tó lù.
Á mi orí. "Ibẹ̀ yẹn nìkan ni Odile kì í ti í purọ́."

Odile Muise ló ni ìwé náà.
Òun ló ń kọ ọ́, òun ló ń ya fọ́tò,
òun náà ló ń gun kẹ̀kẹ́ pín in kiri Anse-Noire
tòun ti kòkòrò lójú, tòun ti iyọ̀ òkun lẹ́nu.

Oṣù Kẹfà. Kùrukùru jókòó lé wa lórí fún ọjọ́ mọ́kànlá.
Ajá Yvonne Pothier sọnù.
Wọ́n ti èbúté àtijọ́ pa, igi rẹ̀ ti jẹra,
ìjọba yóò rán ẹni tí yóò wá wò ó.
"Wọ́n ti ń wò ó láti ìgbà tí mo ti ní eyín."

Lẹ́yìn náà ni àbùùbùtán kan kú sí etí omi.
Òtáwà ní ti Nova Scotia ni,
Nova Scotia ní ti abúlé ni,
wọ́n ń ju òkú síra wọn bí iṣu gbígbóná
títí atẹ́gùn fi gbé òórùn rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi,
tí fáda sì gé ìwàásù kúrú.
Ìyẹn ni Odile fi sí ojú ewé kìíní: ìwàásù kúkúrú.
Òṣùpá yọ ní kíkún, òkun wá gbé òkú rẹ̀ lọ,
kò bèèrè ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Oṣù Keje. Kànga gbẹ.
Bánkì yóò máa ṣí lọ́jọ́ Ẹtì nìkan.
Wọ́n rí ajá Yvonne Pothier
nílé Yvonne Pothier kejì, ìyàwó Réal,
ó ń jẹ ẹja, ó ti sanra.

Fọ́tò tèmi náà jáde, níbi àjọ̀dún ìjọ,
mo di agbòòrùn mú fún ọmọ ẹlòmíràn.
Morẹ́nikẹ́jì ni mo sọ fún Odile,
mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, ó kọ ọ́ sọ́wọ́;
"Moreen Kedgy" ló jáde.
Baba rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
Ó dákẹ́ wàyí, ó ní
Marguerite ni ìyá òun,
ìwé ìjọba pè é ní Maggie,
Maggie náà ló wà lórí òkúta rẹ̀.
"Kí ni ìtumọ̀ tìrẹ?"
Mo ní: mo rí ẹnìkejì.
Kò fèsì. Ó ní kí n tún omi kà.

Oṣù Kẹjọ, ojú ewé kẹjọ, nísàlẹ̀, láàárín igi ìdáná àti kẹ̀kẹ́ ọmọdé:
*Ọkọ̀ ojú omi fún títà, ẹsẹ̀ bàtà méjìlélógójì.
Ẹ́ńjìnnì dára. Délima ni orúkọ rẹ̀,
ẹni tó bá rà á kò gbọdọ̀ yí i padà.*
Mo ti ka nọ́ńbà náà dé ìdajì
kí ẹnu mi tó mọ̀ ọ́n:
ó wà lára fíríìjì ilé mi,
òun ni mo ń pè bí mo bá máa pẹ́ dé.
Délima wà lára ògiri lẹ́yìn rẹ̀, ó dé fìlà, ó ń fojú sá oòrùn.

"Tún un kà."
Mo tún un kà.
"Mẹ́rìnlélógójì ni. Sọ fún Odile."

Mo mú bírò, mo fa ilà sí méjì, mo kọ mẹ́rin.
Ó yí etí sí fèrèsé.
"Ó ku ìṣẹ́jú mélòó kó kún?"
"Mẹ́sàn-án," ni mo wí,
mo sì fa àga mi súnmọ́ tirẹ̀.